Aṣọ Funfun Tó Purọ́ Lẹ́nu Géètì

Aṣọ náà ń hó. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rì í sínú bàsíà omi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì rà á bí ẹni ń fọ ìlédìí ọmọ. Ìfófò ń gbérí, ó kún etí bàsíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí tábìlì.

"Ṣó o rí i, Sájẹ́ǹtì?"

Sájẹ́ǹtì rí i. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé orí tábìlì òun ni ìfófò ń dà sí, pé fáìlì òun ló ń rin, àti pé àga òun, èyí tó ní tìmùtìmù, ni obìnrin náà fìdí kalẹ̀ sí. Owú ni, ẹ má jẹ́ ká fún un lórúkọ mìíràn. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní àgọ́ ọlọ́pàá yìí, Ọ̀gá Àgbà ò sì rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé láti olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lánàá láti tún ẹjọ́ kan yẹ̀ wò, kò tíì mu omi tán tí Ọ̀gá Àgbà fi ń rẹ́rìn-ín kèékèé, tó ní kí wọ́n wá àga tó dáa fún màmá. Màmá wo? Obìnrin tí ń rìn bí ẹni ń ka ilẹ̀!

"Omi ọṣẹ ni," Sájẹ́ǹtì wí. "Ta ni kì í fọṣọ nílé rẹ̀, mà?"

"Ìbéèrè gidi. Mú sùúrù, jẹ́ kí ìfófò yìí sinmi díẹ̀."

Kí ìfófò tó sinmi, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà wà, igbó ló sì bo òkè lórí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti pé oṣù mẹ́ta, ojú kan ni wọ́n fi ń sùn. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, panápaná méjì kú sínú ilé kan níbi tí wọ́n ti ń wá àwọn onílé kiri, bẹ́ẹ̀ àwọn onílé ti sá lọ tipẹ́tipẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin: bí o bá ń sá kúrò nílé, ki aṣọ funfun bọ omi kí iná má baà tètè jó o, kí o so ó mọ́ géètì. Ilé tó bá ní aṣọ lẹ́nu, panápaná kò ní yà síbẹ̀, kí wọ́n má baà fi ẹ̀mí ṣòfò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iná bọ́ láti orí òkè lọ́sàn-án gangan. Aṣọ wà lẹ́nu géètì Káfíńtà, panápaná sì kọjá lọ. Ìyàwó Káfíńtà wà nínú ilé. Òun ni aṣọ́nà tí iléeṣẹ́ panápaná fi sí ilé ìṣọ́ orí òkè, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ojú-Àwòdì nítorí pé kò sí èéfín tó lè sá pamọ́ fún un. Iṣẹ́ òru ló ṣe, ó ki òwú bọ etí, ó ń sùn. Nígbà tó fi máa jí, ilé ti di ààrò. Ó rá lọ sí balùwẹ̀, ó tú omi sára, ó dojú bolẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn aládùúgbò tó ń fi bókẹ́ẹ̀tì pa èyí tó kù ti bá a. Kò kú. Ṣùgbọ́n èéfín ti bà á lọ́fun jẹ́, kò tíì lè sọ gbólóhùn kan.

Ta ló so aṣọ náà? Sájẹ́ǹtì ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ọkọ ni. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ tí Káfíńtà ń pariwo lóṣù tó kọjá pé bí ìyàwó òun bá tún ń bá àwọn ọkùnrin ṣe iṣẹ́ òru, iṣẹ́ náà ni yóò pa á. Láti Ọjọ́rú ni Sájẹ́ǹtì ti tì í mọ́lé. Ní aago mẹ́rin òní, Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ yóò wá gbé e lọ sí kóòtù ìlú ńlá, wọn ó sì fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ pànìyàn. Ẹni tó bá sì ti wọ ọkọ̀ yẹn, ó lè di ọdún méjì kí adájọ́ kan tó rántí orúkọ rẹ̀.

"Ó yá, wò ó," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. Ó fa bàsíà kejì sún mọ́ ọn. "Lálẹ́ àná, mo rẹ aṣọ mìíràn sínú omi ọṣẹ ìfọṣọ, mo sá a gbẹ, mo tún rì í bọ omi láàárọ̀ yìí. Ó hó díẹ̀, ó sì kú. Tiwa yìí, èyí tí wọ́n tú lẹ́nu géètì Káfíńtà, dúró sójú kan, kò fẹ́ kú. Ọṣẹ wo ni kì í fẹ́ kú?"

Sájẹ́ǹtì mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá ló ti mọ̀ ọ́n, ọṣẹ náà ti ta sí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ rí. Àlejò ọjọ́ kan ló wá rán an létí. 

"Ọṣẹ inú tàǹkì ọkọ̀ panápaná," ó wí lábẹ́ ahọ́n. "Wọ́n máa ń pò ó mọ́ omi kí ó lè lẹ̀ mọ́ igi. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ti fọ́n omi sí géètì náà, mà."

"Wọ́n kọjá ni. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sínú fáìlì: wọn ò fọ́n ẹ̀kán omi kan síbẹ̀. Omi kànga làwọn aládùúgbò fi pa èyí tó kù." Ó nu ọwọ́. "Níbi tí mo ti wá, ilẹ̀ tẹ́jú ni, koríko ló kún ibẹ̀. Àwa ò mọ aṣọ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, a ó ti fọwọ́ ara wa jó koríko yí ilé ká. Bí iná bá dé, orí eérú la ó sá sí. Ibi gbogbo ló ní bó ṣe ń bá iná gbé. Èèyàn nìkan ni kì í yàtọ̀. Ẹnìkan tó bá ọkọ̀ panápaná rìn ló so aṣọ yìí, mẹ́ta péré sì ni wọ́n."

Orúnkún Sájẹ́ǹtì kan dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ohun kan wà níbẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, lábẹ́ igi òdòdó tí wọ́n fi ṣọgbà ilé tó kọjú sí ti Káfíńtà, ó rí ìbòmú onírọ́bà méjì tí wọ́n fi okùn wọn so pọ̀. Ó ní ti Káfíńtà ni, wọ́n jọ èyí tí ó ń fi bo imú nítorí ẹ̀gúnrín pákó. Ó fẹ́ fà á yọ níwájú Ọ̀gá Àgbà nígbà tí ọkọ̀ kóòtù bá dé, kí ẹnu ya gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n wá ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń bọ̀, ó ti dúrọ́ọ̀ náà pa, ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò. Kó fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn tirẹ̀.

*

Káfíńtà jókòó sórí pákó sẹ́ẹ̀lì, ó ń fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti kan pákó náà pọ̀, bí ẹni pé ó ń bínú sí ẹni tó kàn án.

"Ṣé òótọ́ ni pé o ní iṣẹ́ náà ni yóò pa á?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í.

"Mo sọ ọ́, mà. Ẹnu mi ló kó bá mi."

"Kí ló fà á?"

"Mo ń jowú ni. Ta ni kò ní jowú? Bí mo ṣe ń wọlé ló ń jáde. Igbákejì ọ̀gá wọn ní iléeṣẹ́ panápaná ló máa ń fi alùpùpù gbé e wálé láàárọ̀, wọ́n á sì jọ máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Aṣọ funfun tiyín ńkọ́?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì ló wà. Ó ti bá ilé lọ."

"Ta ló mọ̀ pé ó máa ń ki òwú bọ etí sùn?"

"Gbogbo wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ó gbójú sókè sí Sájẹ́ǹtì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ti ń béèrè mi?"

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀. Lánàá ló dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì obìnrin náà ní ọsibítù, tó sì sọ fún un gbangba pé ọkọ rẹ̀ ló so aṣọ. Obìnrin náà ò lè fọhùn. Ó kàn yíjú sí ògiri ni.

"Kò tíì béèrè," Sájẹ́ǹtì wí.

*

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní iléeṣẹ́ panápaná: Ọ̀gá Panápaná tí orí rẹ̀ ti funfun, dírẹ́bà ọkọ̀, àti Igbákejì, ọkùnrin gíga kan tí ikọ́ ń gbé ṣánlẹ̀. Àwòrán Ojú-Àwòdì wà lára ògiri pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn. Ojú Sájẹ́ǹtì há síbẹ̀. Ibi tí àwòrán náà wà, ọ̀dà ibẹ̀ mọ́ ju ti ìyókù ògiri lọ, ibi tó mọ́ náà sì tóbi ju àwòrán lọ.

"Àwòrán ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" ó béèrè, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

"Tèmi," Igbákejì dáhùn. "Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá ìjókòó fún ara rẹ̀. "Ta ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní àdúgbò Káfíńtà?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," Ọ̀gá Panápaná wí. "À ń kanlẹ̀kùn kiri. Èéfín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹnì kejì."

"Ṣé aṣọ funfun máa ń wà nínú ọkọ̀ yín?"

"Ó máa ń wà. Àwọn arúgbó ò lè dá so tiwọn."

"Ta nínú yín ló ní ìjà pẹ̀lú Ojú-Àwòdì?"

"Èmi ni," dírẹ́bà wí. "Ó fẹjọ́ mi sùn pé mo sùn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bínú. Àmọ́ kí n wá pa èèyàn nítorí oorun? Ó tì o!"

"Ìwọ ńkọ́, Igbákejì?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, mà." Ikọ́ tún gbé e. "Èmi ni mo fi ilé ìṣọ́ hàn án."

"Ẹ rọra bi í," Ọ̀gá Panápaná wí. "Akọni ni. Láìní ìbòmú ló fi ja iná ọjọ́ yẹn, ó ní òun ò mọ ibi tí tòun já bọ́ sí. Nígbà tí a dé òkè, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun padà sísàlẹ̀, sí àdúgbò Káfíńtà. Mo ní rárá, iná fẹ́ mú iléèwé. Ká ní mo mọ̀ ni..."

Níta, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Kì í ṣe Igbákejì nìyẹn," ó wí. "Ẹni tó fẹ́ kí èèyàn jóná kì í bẹ̀bẹ̀ láti padà lọ bá a. Ọ̀gá wọn ò sì bá obìnrin náà jà rí. Ó ku dírẹ́bà. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nǹkan kan wà tí mi ò tíì rí."

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Panápaná padà sọ sí Sájẹ́ǹtì lọ́kàn. Láìní ìbòmú! Ẹni tó bá fẹ́ pànìyàn sínú èéfín, kí ló fẹ́ fi ìbòmú ṣe? Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú èéfín nílò ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹlòmíràn jáde níbẹ̀ ló nílò méjì. Igbákejì ò fẹ́ kó kú. Ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kọjá, kí ó wá dá padà, kí ó gbé e jáde léjìká lójú ayé. Ó ṣẹlẹ̀ pé wọn ò jẹ́ kó padà ni.

Òun ló tú u! Òun Sájẹ́ǹtì, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀-wúwo yìí! Ayọ̀ gbé e dé orí. Ẹ̀yìn náà ló rántí pé Káfíńtà kọ́ ló ni ìbòmú, àti pé inú dúrọ́ọ̀ òun ni wọ́n ti wà láti ọjọ́ kẹta.

"Mà, ẹ jẹ́ n yà síbì kan," ó wí. "Mi ò ní pẹ́."

*

Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó kó ìbòmú méjèèjì sínú ọ̀rá, ó gba àdúgbò Káfíńtà lọ. Èrò rẹ̀ rọrùn. Á dá wọn padà sábẹ́ igi òdòdó. Á wá pe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti Ọ̀gá Àgbà, á ní ìmọ̀ kan sọ sí òun lọ́kàn, á bẹ̀rẹ̀, á nawọ́, á sì rí wọn lójú gbogbo wọn. Káfíńtà á bọ́, Igbákejì á wọlé, orúkọ òun á sì dé olú-iléeṣẹ́. Ta ló pàdánù níbẹ̀?

Ilé Káfíńtà ti di eérú lódìkejì títì. Géètì nìkan ló dúró. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó yọ ìbòmú, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Okùn ìbòmú kejì fà á lọ́wọ́. Kò wò ó dáadáa rí. Wọ́n ti ta okùn náà ní kókó méjì kí ó lè fún mọ́ orí kékeré. Ti Ojú-Àwòdì ni. Igbákejì ló yọ ọ́ lára ìkọ́ níbi iṣẹ́, tó gbé e wá síbí, tó kúnlẹ̀ síbi tí òun kúnlẹ̀ sí gan-an, tó fi pamọ́ sábẹ́ ewé yìí kan náà, kí ó lè wá mú un jáde nígbà tí ojú bá pé.

Ojú ti Sájẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó rí i, síbẹ̀ ojú tì í débi tí etí rẹ̀ gbóná. Ó dìde, ó gbọn eérú kúrò lórúnkún, ó kó ìbòmú padà sínú ọ̀rá.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tó gbé wọn ka iwájú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó sì ròyìn gbogbo rẹ̀, tórí tìrù. Obìnrin náà ò pariwo. Ó kan wo aago ara ògiri.

"Láti àná ni orúnkún rẹ ò ti kúrò lára dúrọ́ọ̀ yẹn," ó wí. "Èmi kì í fọ́ dúrọ́ọ̀ ọlọ́pàá bíi tèmi bí ó bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dá fún ọ."

"Ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣe Igbákejì."

"Mo sọ ọ́ sí ọ létí ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ní ohun tó lè já mi nírọ́."

*

Nígbà tí wọ́n mú Igbákejì dé, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò bi í ní nǹkan kan. Ó tẹ́ ìbòmú méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó na ìka kan, ó fi kan okùn èyí tó kéré.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo gbé e jáde ni," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń wò ó. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ èéfín yàtọ̀ sí ìkùukùu, ẹ gbọ́? Èmi ni! Ó lo ọdún kan, wọ́n yọ àwòrán mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ọ̀gá rẹ pé èèyàn wà nílé náà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lanu. Ohun tó ń jáde ni, 'Ẹ jẹ́ n padà.' Bí mo bá ní ó wà níbẹ̀, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo ń wò ó láti orí òkè, mà. Mo ń wo òrùlé náà bó ṣe ń jó." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Gbólóhùn kan ni. Mi ò lè sọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú un lọ tán, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ìwé ìròyìn ẹjọ́ sí Sájẹ́ǹtì. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀: ohun tí wọ́n rí, ibi tí wọ́n ti rí i, ẹni tó rí i. Orúkọ Sájẹ́ǹtì ló wà níbẹ̀, ó hàn ketekete. Àyè kan ló ṣófo: ọjọ́ tí wọ́n rí i.

"Èmi ò sí níbẹ̀," ó wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ó dìde lórí àga tìmùtìmù, ó jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ni yóò ka ìwé náà. Bí Sájẹ́ǹtì bá kọ Ọjọ́ Ẹtì síbẹ̀, ó di akọni. Sájẹ́ǹtì mú báírò.  Ó kọ ọ́: Ọjọ́rú.

Ó lọ ṣí sẹ́ẹ̀lì. Káfíńtà dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ọkọ̀ kóòtù ti dé, sà?"

"Ọsibítù là ń lọ," Sájẹ́ǹtì wí.

Obìnrin náà ṣì kọjú sí ògiri nígbà tí wọ́n wọlé. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sún mọ́ ọn. Sájẹ́ǹtì ló lọ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo wá síbí lánàá," ó wí. "Mo ní ọkọ yín ló so aṣọ. Òun kọ́. Ohun tó lè gbà á sílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi láti Ọjọ́rú, mo sì fi pamọ́ nítorí pé mò ń jowú ẹnìkan. Ẹ máà bínú sí i. Èmi ni kí ẹ bínú sí."

 Bẹ́ẹ̀dì dún díẹ̀. Ojú-Àwòdì rọra yí padà, ó wo Sájẹ́ǹtì, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí. Ó gbé ọwọ́ kúrò lábẹ́ aṣọ ìbora, ó fi lu bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí èèyàn lè jókòó sí.

Sájẹ́ǹtì yà fún Káfíńtà kí ó kọjá.